Òkúta Pupa Ọwọ́ Màmá, àti Iṣẹ́ Tí Bàbá Fẹ́ Fi Sílẹ̀

Bí ìwọ tí o ń ka èyí bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe, jẹ́ kí n tètè sọ fún ọ pé èmi náà ò mọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Mo kàwé gboyè nínú kẹ́mísírì, mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì padà sílé ní Òkòkómáíkò wá jókòó. Tí fóònù mi bá dún, àyà mi á já nítorí mo rò pé iṣẹ́ ni. Tí kò bá dún, àyà mi á já nítorí pé kò dún. Bí mo ṣe wà nìyẹn fún ọdún méjì, tí mo ń rẹ́rìn-ín fún àwọn ará àdúgbò tó bá bèèrè bí nǹkan ṣe ń lọ.

Bàbá tó bí màmá mi, alágbẹ̀dẹ wúrà ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà létí títì, kí èèyàn tó dé Ìyànà Ìbà, láàárín ẹni tó ń ṣe irun àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe òrùka, yẹtí àti ẹ̀gbà láti ìgbà tí wọn ò tíì bí màmá mi. Ọdún yìí ni ojú wọn ní ó tó. Wọn ò rí ìdí òkúta kékeré mọ́, ọwọ́ wọn sì ti ń gbọ̀n. Ọkùnrin kan láti Alábà fẹ́ ra gbogbo irinṣẹ́ wọn, kí ó sì gba ṣọ́ọ̀bù náà láti máa ta ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà. Ó fẹ́ gbọ́ èsì kí oṣù tó parí.

Èmi ni mo ní kí Bàbá má tà á. Mo ní kí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi ni ẹ̀rù bà mí, nítorí mi ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ iṣẹ́ náà ló mú mi sọ ọ́, tàbí ìtìjú ẹni tó ti jókòó pẹ́ jù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá pè mí, wọ́n ní kí n mú bírò.

Wọ́n ní, “Màá sọ iṣẹ́ yìí fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ míì bíi tìrẹ lè rí i kà. Tí mo bá parí, tí o bá ṣì ní ẹnu láti bèèrè, wá bèèrè. Ìgbà náà ni màá mọ èsì tí màá fún ará Alábà.”

Ohun tí mo ń kọ nìyí.

Ìlaròó ni wọ́n ti bí Bàbá. Àbúrò bàbá wọn ló mú wọn wá sí Òjó láti wá kọ́ṣẹ́. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí bí wọ́n ṣe gbà wọ́n tàbí iye tí wọ́n san. Ohun tí wọ́n ń sọ ni ọ̀gá wọn, Ìjẹ̀bú kan tí gbogbo ọjà ń pè ní Ọ̀gá Làtí. Mùsùlùmí ni Ọ̀gá Làtí, wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín ní ìdí tábìlì. Nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, ọmọ iṣẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ wọ ṣòkòtò tí wọ́n ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, torí eruku wúrà lè kó sínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà. Wọn kì í da omi tí wọ́n fi fọwọ́ nù. Inú ike ńlá kan ló ń lọ, wọ́n á jẹ́ kó tòrò, wọ́n á sì yọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ tí ọdún bá fẹ́ parí. Ìdọ̀tí ilẹ̀ tí wọ́n gbá náà, sísun ni wọ́n ń sun ún. Bàbá ní ẹnu ya àwọn nígbà àkọ́kọ́ tí àwọn rí wúrà tó jáde látinú ìdọ̀tí.

Ìyá Bàbá wá láti Ìlaròó lọ́jọ́ kan láti wá wo ọmọ wọn. Bàbá ò tíì rí wọn fún ìgbà pípẹ́. Bí Bàbá ṣe gbọ́ ohùn wọn níta ni wọ́n sáré jáde, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá Làtí pè wọ́n padà, wọ́n ní kí wọ́n wá fọwọ́ wọn sínú ike kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá ní, “Ìyá rẹ ò ní lọ. Wúrà tó wà lọ́wọ́ rẹ lè lọ.”

Bàbá padà wọlé, wọ́n fọwọ́, ìyá wọn dúró nínú oòrùn. Bàbá ní inú àwọn bàjẹ́ débi pé àwọn rò pé kí àwọn bá ìyá àwọn padà sílé. Mo bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò lọ. Wọ́n ní ìyá àwọn ló gbèjà Ọ̀gá, tí wọ́n ní ẹni tó lè ṣọ́ eruku báyìí á lè ṣọ́ ọmọ.

Lórí ọ̀rọ̀ òkúta, ọ̀gá yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíláàsì ni Bàbá ń gbé sójú òrùka fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó fún wọn ní òkúta gidi. Ọ̀gá á fi àtẹ́lẹwọ́ bo òkúta mọ́lẹ̀, wọ́n á ní kí Bàbá sọ orúkọ rẹ̀, bó ṣe le tó, àti ohun tí iná máa ṣe sí i. Ẹni tí kò bá yọ òkúta kúrò kí ó tó gbé òrùka sínú iná, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ náà. Òfin kejì ni pé ọmọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà pé òkúta kan ń ṣe nǹkan kan fún ènìyàn. Obìnrin kan wá lọ́jọ́ kan tó fẹ́ òkúta aláwọ̀ àlùkò, ametísítì, nítorí ó gbọ́ pé ó máa ń jẹ́ kí ọkùnrin fi ọtí sílẹ̀. Ọ̀gá dá a lóhùn pé àwọn á gbé e sójú òrùka fún un, kò sì ní já bọ́, pé ibi tí ìmọ̀ àwọn mọ nìyẹn. Obìnrin náà bínú lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wo ara wọn. Ọ̀gá padà sídìí tábìlì bíi pé ẹnikẹ́ni ò wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú tí mo bá dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ òkúta yìí ni gbogbo ìtàn náà. Nígbà tí Bàbá gba òmìnira, tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, kàlẹ́ńdà kan ti ń tàn kálẹ̀ tí òkúta méjìlá wà lórí rẹ̀, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Gánẹ́ẹ̀tì pupa fún oṣù kìíní, ametísítì fún oṣù kejì, títí dé òpin ọdún. Àwọn wòlíì ìjọ aláṣọ funfun ní Ìbà àti Òjó sì ń sọ fún àwọn ọmọ ìjọ pé inú Bíbélì ló ti wá, pé òkúta oṣù tí wọ́n bí ènìyàn sí ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀.

Bàbá jẹ́ ọmọ ìjọ, wọ́n sì lọ ka Ẹ́kísódù fúnra wọn. Wọ́n rí i pé lóòótọ́ ni òkúta méjìlá wà lórí ìgbàyà Áárónì, ní ìlà mẹ́rin, mẹ́ta mẹ́ta. Òkúta pupa ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ni wọ́n fín sára àwọn òkúta náà, kò sí oṣù kankan níbẹ̀. Bàbá gbé Bíbélì lọ bá Ọ̀gá Làtí, tí wọ́n ti darúgbó nígbà náà, wọ́n sì ka ibẹ̀ fún wọn. Ọ̀gá tẹ́tí títí ó fi parí.

Ọ̀gá ní, “Ṣé Áárónì yìí wọ òkúta ti ara rẹ̀?”

Bàbá ní ti gbogbo ẹ̀yà ló gbé sáyà.

Ọ̀gá ní, “Á jẹ́ pé ó ń gbé àwọn ẹlòmíràn lọ síwájú Ọlọ́run ni, kí Ọlọ́run má bàa gbàgbé wọn. Kò fi òkúta dáàbò bo ara rẹ̀.”

Èmi náà ti lọ wádìí, nítorí pé tí nǹkan bá ń dà mí láàmú, mi ò lè ṣe kí n má wádìí. Lẹ́yìn Áárónì lọ́pọ̀lọpọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan so òkúta méjìlá náà mọ́ oṣù méjìlá àti àwọn ìràwọ̀. Àwọn kan tún so ó mọ́ ìpìlẹ̀ méjìlá ìlú mímọ́ tó wà nínú Ìfihàn. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá lówó á ra méjèèjìlá, á sì máa pààrọ̀ wọn bí oṣù ṣe ń yí. Nígbà tó yá ni ó di pé oníkálukú ń wọ ti oṣù tirẹ̀ nìkan, àwọn oníṣòwò ọ̀ṣọ́ lókè òkun sì jókòó, wọ́n fẹnu kò lórí èyí tó jẹ́ ti oṣù wo. Kódà, kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ òkúta tí àwọn orúkọ Hébérù kan tọ́ka sí. Nígbà tí mo rí èyí, ọkàn mi bà jẹ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó bà jẹ́, nítorí mo kàwé, mo mọ ohun tó para pọ̀ di gánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí nǹkan kan wà tó dájú, tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ fún ènìyàn kí wọ́n tó bí i.

Ọ̀rọ̀ oṣù ìbí tún ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń wá sọ́dọ̀ Bàbá nígbà náà ò mọ oṣù tí wọ́n bí wọn. Bàbá á wá jókòó tì wọ́n, wọ́n á bèèrè pé kí ni wọ́n ń jẹ nílé lásìkò náà, ṣé ọyẹ́ wà, ṣé wọ́n ti ń fi àgbàdo tuntun se ògì. Ọkùnrin kan láti Ìjànìkin ní ohun tí òun ṣáà mọ̀ ni pé ọjọ́ tí bàbá òun ra kẹ̀kẹ́ ni wọ́n bí òun. Bàbá bèèrè pé níbo ni bàbá rẹ̀ ti rówó kẹ̀kẹ́. Ó ní lára obì. Bàbá ka ìgbà tí wọ́n máa ń ká obì, wọ́n sì fún un ní oṣù kan. Ọkùnrin náà ní, “Ẹ̀yin lẹ bí mi lónìí o, Bàbá.” Láti ọjọ́ náà, bàbá ló ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù wọ́n lọ.

Ibi tí Màmá ti wọ inú ọ̀rọ̀ nìyí. Ìyàwó Bàbá ni, ìyá tó bí màmá mi. Kúdírátì ni wọ́n sọ wọ́n nílé, ìgbà tí wọ́n fẹ́ Bàbá ni wọ́n di ọmọ ìjọ. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń jókòó sí, àwọn ló sì ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Bàbá kì í sọ ìtumọ̀ òkúta fún ẹnikẹ́ni, Màmá sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn. Bàbá á bá wọn wí. Màmá á dáhùn pé ọ̀gá Bàbá ló fún Bàbá lófin, kò fún àwọn.

Nígbà yẹn, màmá mi, Ṣọlá, ti ṣègbéyàwó, oyún sì ń bà jẹ́ lára wọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wòlíì ní kí Màmá wọ òkúta tiwọn, kí wọ́n fi máa gbàdúrà fún ọmọ wọn. Màmá ò mọ oṣù wọn. Ohun tí ìyá wọn sọ fún wọn ni pé inú ààwẹ̀ Ramadan ni wọ́n bí wọn. Lọ́dún náà, inú ọyẹ́ ni ààwẹ̀ bọ́ sí, ní oṣù kìíní. Bàbá àti Màmá bá ní oṣù kìíní ni. Bàbá gbé gánẹ́ẹ̀tì sójú òrùka wúrà kan fún wọn, òkúta pupa bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fi etí wúrà dè é yíká kó má bàa mì. Inú Màmá dùn gan-an, pàápàá nígbà tí wòlíì sọ fún wọn pé òkúta pupa ló ṣáájú ní ìlà àkọ́kọ́, pé ti Rúbẹ́nì ni, àkọ́bí.

Kò pẹ́ sí i, oyún dúró lára màmá mi. Èmi ni.

Inú èyí ni mo dàgbà sí. Tí mo bá wọlé wá, Màmá á gbé ọwọ́ wọn sókè, wọ́n á fi òrùka náà kàn mí níwájú orí. Ọmọ òkúta ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá fẹ́ ṣèdánwò, tí àyà mi ń já, àwọn ni mò ń sá lọ bá. Mi ò rò pé mo gbà á gbọ́ tán, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó má sí níbẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ń yí padà. Nígbà tí Bàbá ń kọ́ṣẹ́, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ iná àtùpà epo, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á wú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń fi ẹsẹ̀ tẹ ewìrì, kí gáàsì tó dé. Wọ́n ń fi ọwọ́ fa okùn wúrà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan ló wá ń ṣe é. Bàbá yọ̀ mọ́ gbogbo èyí. Àwọn ará Òkè Ògùn náà máa ń kó òkúta gidi wá tà fún wọn, láti inú ilẹ̀ tiwa. Ohun tó dá ọwọ́ wọn dúró ni ọ̀ṣọ́ tó ti parí kó tó dé, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ òkúta rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọ̀dọ́ á na fóònù sí Bàbá, wọ́n á ní irú èyí ni àwọn fẹ́, ní ọ̀la. Àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ, kò sí tuntun.

Ó wá di ọdún tí mo wà ní ilé-ìwé gíga. Màmá ń fọ ẹja àrọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀gún rẹ̀ sì gún wọn ní ọwọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka tí òrùka wà. Wọ́n fi omi gbígbóná jó o, wọ́n gbàdúrà sí i. Ọwọ́ náà wú. Nígbà tí a fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ẹran ara ti bo òrùka náà, òkúta pupa náà nìkan ló ń yọjú. Mo jókòó tì wọ́n. Mi ò lè gbàgbé òórùn ọwọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń gé òrùka. Màmá di ẹ̀ṣẹ́, pẹ̀lú gbogbo ìrora yẹn. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n, ó ní ìka ti ń dúdú, pé tí ẹ̀jẹ̀ ò bá lọ síbẹ̀ kíákíá, gbogbo ọwọ́ ló máa lọ.

Màmá ní, “Ẹ gé ìka náà, kí ẹ fi òrùka mi sílẹ̀ fún mi.”

Wọ́n nawọ́ kejì sí mi. “Ẹ ò rí ọmọ yìí ni? Òrùka yìí ló dì í mú láyé.”

Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n gé e, pé èmi ò ní kú. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún yín pé ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù ti ara mi, pé tí wọ́n bá gé e, nǹkan kan máa ṣe mí. Ọmọ kẹ́mísírì ni mí, síbẹ̀ mo dúró níbẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù.

Ẹ̀gbọ́n Màmá, Àlàájì, ti dé láti Ìlaròó, wọ́n sì jókòó pẹ̀lú Bàbá lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí Bàbá má bàa ronú jù, Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn bí Màmá ṣe jẹ́ olóríkunkun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Wọ́n ní ọjọ́ ààwẹ̀ ni, òjò ń rọ̀, inú àwọn àgbà sì ń dùn torí òjò dín òùngbẹ kù. Wọ́n ní ọmọdé ni àwọn nígbà náà, wọ́n sì rán àwọn lọ pe agbẹ̀bí, inú oko àgbàdo ni àwọn gbà, àgbàdo náà ga dé àyà àwọn, omi ewé rẹ̀ sì rin àwọn pátá. Ìgbà tí àwọn àti agbẹ̀bí fi dé, Kúdí ti bí ara rẹ̀.

Àlàájì rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bèèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bí àgbàdo ṣe ga tó lọ́jọ́ ìbí wọn. Àgbàdo kì í ga dé àyà ọmọdé nínú ọyẹ́. Bàbá bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá òjò ni lóòótọ́, pé ṣé kì í ṣe inú ọyẹ́ ni ààwẹ̀ ń bọ́ sí. Àlàájì ní òjò ni. Wọ́n wo Bàbá, wọ́n ní, “Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ààwẹ̀ kì í dúró sójú kan ni? Ọdọọdún ló ń ṣí. Ó lè bọ́ sínú òjò lọ́dún tí wọ́n bí ènìyàn, kí ó bọ́ sínú ọyẹ́ nígbà tó bá dàgbà.” Ọmọ Mùsùlùmí kankan ò ní ṣàìmọ èyí, Màmá náà sì mọ̀ ọ́n nígbà kan. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí wọ́n ń wá oṣù náà, ọkàn gbogbo wọn wà lára oyún màmá mi, kò sì sẹ́ni tó rò ó. Ọ̀gá Làtí tí ìbá rántí ti kú.

Bàbá wọlé wá. Wọ́n dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n ní, “Ìyá Ṣọlá, òkúta yìí kì í ṣe tìrẹ.”

Màmá ní, “Ta ló ni ín?”

“Ẹni tí wọ́n bí sínú ọyẹ́. Inú òjò ni wọ́n bí ọ. A ṣì í kà ni.”

Màmá wo ẹ̀gbọ́n wọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àlàájì ò mọ ohun tí àwọn ṣe, wọ́n ṣáà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, òjò ni. Mò ń wo ojú Màmá, mo sì rí i bí nǹkan kan ṣe ń kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ kí Bàbá tètè sọ nǹkan míì.

Màmá ní, “Ta wá ni Ọlọ́run ń dá lóhùn láti ọjọ́ yìí, Bàbá Ṣọlá?”

Màmá ṣí ẹ̀ṣẹ́ wọn, wọ́n na ọwọ́ náà. Wọ́n ní bó bá jẹ́ gígé ni, kí Bàbá gé e, kí àlejò má fọwọ́ kàn án.

Irin nọ́ọ̀sì ò rọ́nà wọlé mọ́. Wọ́n rán mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ mú ayùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù wá. Bàbá ki páànù pẹlẹbẹ kan sáàárín òrùka àti ẹran ara, wọ́n ń rọra gé e, mo sì ń kán omi sí i kó má bàa gbóná. Màmá ò ké, wọ́n kọjú sí ògiri. Nígbà tí òrùka náà là, Bàbá fi ẹ̀mú méjì ya á, wọ́n bọ́ ọ kúrò, wọ́n sì lọ fọwọ́.

Ọwọ́ là, ìka náà ò là. Dókítà gé e lọ́jọ́ kejì.

Màmá wà láàyè, wọ́n wà nílé báyìí. Ṣùgbọ́n wọn ò jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́. Wọ́n ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n sì máa ń padà wálé kí orin tó parí. Orúkọ mi gan-an ni wọ́n ń pè mí báyìí. Kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n pe ènìyàn ní orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é, mo wọ yàrá lọ sunkún, mi ò sì lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún màmá mi. Ó dà bíi pé wọ́n yọ mí kúrò níbi kan tí wọ́n ti fi etí wúrà dè mí sí bí òkúta.

Bàbá ní àwọn ò mọ̀ títí di òní bóyá ó yẹ kí àwọn sọ ọ́. Wọ́n ní ọwọ́ ìyàwó àwọn ni àwọn ń wò lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Bàbá ò tíì sọ pé àwọn ti parí nígbà tí obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wá, tó pọn ọmọ. Kò jù mí lọ púpọ̀. Ojú ọmọ náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní sìkúlà, àrùn ẹ̀jẹ̀, ni, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wọn sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Oṣù kejì ni wọ́n bí i, wọ́n sì ti sọ fún un ní ìjọ wọn pé kó wá òkúta aláwọ̀ àlùkò fi sí i lọ́rùn. Bàbá yí àga wọn, wọ́n kọjú sí títì. Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún.

Obìnrin náà ní, “Àǹtí, tó bá wọ̀ ọ́, ṣé ara rẹ̀ máa dúró?”

Mo ro gbogbo nǹkan tí mo lè sọ. Mo rò pé tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á sùn dáadáa. Mo rò pé tí mo bá ní rárá, màá ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí mi ò ní lè fi òmíràn rọ́pò. Mo tún rò pé tí ó bá gbà á gbọ́ jù, ó lè fi oògùn ọmọ náà sílẹ̀. Ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní, “Mi ò rò bẹ́ẹ̀, ìyá ọmọ. Ó dára lọ́rùn ọmọ, a ó sì ṣe é dáadáa fún yín. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n fún un, ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí rẹ̀.”

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bú. Ó ní, “Àwọn tó wà ní Alábà ní á dúró.” Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì jáde. Kò kí wa.

Bàbá yí àga wọn padà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí nìyẹn, pé wúrà rọrùn láti kọ́. Wọ́n ní àwọn kan ò ní padà wá, mi ò sì ní mọ bí ọmọ wọn ṣe ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ bèèrè nǹkan tí mo bèèrè lọ́jọ́sí.

Mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Ohùn mi ò lọ sókè. Bàbá mú fóònù, wọ́n pe ará Alábà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò tà á mọ́.

Idẹ ni mò ń gé báyìí, mi ò tíì fọwọ́ kan wúrà. Ẹ̀rù tó ń bà mí tẹ́lẹ̀ ò tíì lọ, ó ṣáà ti rí ibì kan jókòó sí. Obìnrin yẹn ò tíì padà wá. Tí ẹni tó pọn ọmọ bá ń kọjá lọ sí Ìyànà Ìbà, mo máa ń gbé ayùn sílẹ̀, màá wo ojú ọmọ náà títí wọ́n á fi kọjá.